Jẹ Ẹ́ Kí N Rí I

Ní ọjọ́ fídáù ìyá àgbà mi, àáfà tó ń ṣe wáàsí na ọwọ́ sókè, ó ní ìyá onísùúrù ni Ọlọ́run pè sọ́dọ̀. Ó ní ìyá jẹ́jẹ́ ni, ìyá tí kì í bá ẹnikẹ́ni jà. Àwọn obìnrin tó jókòó ní apá ọ̀dọ̀ mi bẹ̀rẹ̀ sí í húkọ́. Ìyá Risi, tó ti ń ta búrẹ́dì wa láti ìgbà tí mi ò tíì mọ ọwọ́ ọ̀tún yàtọ̀ sí òsì, fi ìborùn bo ẹnu, èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n. Àwọn àlejò rò pé ẹkún ló ń sun. Ẹ̀rín ni. Obìnrin jẹ́jẹ́ tí àáfà ń sọ yẹn ti fa aṣọ ya mọ́ Ìyá Risi lára rí, Ìyá Risi náà sì ti gé e jẹ lápá.

Mi ò bá àáfà jà, kò mọ̀ ọ́n ni. Wọ́n ní èèyàn kò sunwọ̀n láàyè, ọjọ́ a bá kú là á dère. Ó dáa, kí wọ́n gbẹ́ ère ìyá àgbà mi, àmọ́ kí wọ́n má gbàgbé láti fi igi sí i lọ́wọ́.

Ẹni tó ń bí mi nínú níjọ́ náà jókòó sí iwájú, ó wọ aṣọ funfun, ó gbé àwo pọ́fù-pọ́fù tí a fi ṣe sàárà lé orúnkún, ó ń jẹ ẹ́ bí ẹni pé ilé ìyá rẹ̀ ló wà. Máníjà ilé iṣẹ́ búrẹ́dì ńlá tó wà lójú ọ̀nà Ìbàdàn ni. Kò wá kí wa kú ará fẹ́ra kù. Ó wá ra orúkọ ìyá àgbà mi ni, àbúrò bàbá mi, Bọ̀ọ̀dá Múfú, sì ti ṣe tán láti tà á fún un. Ó ku èmi.

Sàfúrátù ni orúkọ tí wọ́n sọ ìyá àgbà nígbà tí wọ́n bí i. Láti Ìwó ni wọ́n ti fẹ́ ẹ wá sí Ilé-Ifẹ̀, nítorí náà Ìyá Ìwó ni gbogbo Ìlàrè ń pè é, orúkọ yẹn náà ni wọ́n sì tẹ̀ sára ọ̀rá tí a fi ń di búrẹ́dì wa. Ẹ̀yìn ilé ni a ti ń ṣe é: ààrò alámọ̀ kan tí à ń fi igi dá, míkísà kan tó ń pariwo bí ọlọ ata, tábìlì gígùn kan, àti pákó ọlọ́rùn gígùn tí a fi ń ti búrẹ́dì sínú iná, tí a tún fi ń kó o jáde. Pákó yẹn kì í jìnnà sí ìyá àgbà. Ó ti ba ẹ̀yìn gbogbo wa. Àwa ọmọọmọ rẹ̀ mọ ìró rẹ̀ nínú afẹ́fẹ́, a sì mọ apá ibi tó yẹ kí á yẹ̀ sí.

Ohun tó ń mú un bínú kò pọ̀. O lè pẹ́ dé, o lè fọ́ àwo, kò ní sọ̀rọ̀. Àmọ́ bí o bá fi ọwọ́ kan orúkọ búrẹ́dì yẹn, Ọlọ́run nìkan ló lè gbà ọ́ sílẹ̀, Òun náà á sì ní láti tètè dé. Obìnrin kan wà ní Sábó tó ń gba ọjà lọ́wọ́ wa. Bí búrẹ́dì àná bá ṣẹ́kù, obìnrin yìí á gbé e lé ooru omi gbígbóná kó lè rọ̀, á wá kó o mọ́ ti òní. Ẹnì kan wá ta ìyá àgbà lólobó. Èmi ni mo tẹ̀ lé e lọ, mo gbá báàgì rẹ̀ mọ́ra. Kò tíì sọ̀kalẹ̀ lórí ọ̀kadà tán tí bàtà fi ti kúrò lẹ́sẹ̀ rẹ̀ bọ́ sí ọwọ́. Ó na obìnrin náà, ó fi ẹsẹ̀ da àtẹ rẹ̀ nù, ó gun orí búrẹ́dì, ó ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Àwọn ọkùnrin tó ń ta àgùntàn fẹ́ dá sí i, wọ́n rí ojú rẹ̀, wọ́n padà sẹ́yìn. Àwọn àgùntàn tí wọ́n so mọ́lẹ̀ níbẹ̀ ló jẹ àjẹyó. Ojú ń tì mí, nítorí ọmọ obìnrin náà wà níbẹ̀, ó ń wo bí wọ́n ṣe ń na ìyá òun. Mo sọ fún ìyá àgbà pé ohun tó ṣe kò dáa. Ó ń bọ bàtà rẹ̀ padà sẹ́sẹ̀ nígbà tó dá mi lóhùn pé, “Ẹni tí ebi ń pa kì í yẹ búrẹ́dì wò kó tó bù ú jẹ. Àwa la gbọ́dọ̀ bá a yẹ̀ ẹ́ wò.”

Ìyẹn ló mú kó dá àṣà kan sílẹ̀ tí mi ò rí ní ilé búrẹ́dì mìíràn. Ní gbogbo àfẹ̀mọ́jú, kí ẹnikẹ́ni tó gbé àtẹ rù, á mú búrẹ́dì tó kọ́kọ́ jáde nínú ààrò, á bù ú sí méjì, á nà án sí ẹni tó po fúláwà lọ́jọ́ náà, lójú gbogbo àwọn tó fẹ́ lọ tà á. Á ní, “Jẹ ẹ́ kí n rí i.” Ẹni náà á jẹ ẹ́, á gbé e mì, á sì la ẹnu. Ìgbà yẹn ni àwọn obìnrin á tó máa to ọjà sórí àtẹ. Bí wọ́n bá dé ìgboro, tí ẹnì kan bá bi wọ́n bóyá búrẹ́dì yìí dáa, wọn kì í ṣe àlàyé púpọ̀. Wọ́n á kàn ní, “Ẹni tó ṣe é ti jẹ ẹ́ lójú wa.”

Ìmọ̀ ìṣàkóso okòwò ni mo kọ́ ní yunifásítì. Olùkọ́ wa kan ní oríṣi ohun ìní méjì ni ilé iṣẹ́ ń ní: èyí tí a lè fọwọ́ kàn, bí ẹ̀rọ, ilé àti ọkọ̀, àti èyí tí a kò lè fọwọ́ kàn, bí orúkọ rere, ọgbọ́n tó wà nínú orí òṣìṣẹ́, àti ìgbẹ́kẹ̀lé àwọn oníbàárà. Ó ní níbi tí ìdíje bá ti le, èyí tí a kò lè fọwọ́ kàn ló ń yọ ilé iṣẹ́ nínú ewu, nítorí ẹlòmíì lè ra irú ẹ̀rọ rẹ, àmọ́ kò lè rí ìyókù rà lọ́jà. Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lára. Mo sáré wálé lọ sọ ọ́ fún ìyá àgbà. Ó ń rán àpò fúláwà tó ya lọ́wọ́. Ó gbọ́ ọ parí, ó gé okùn pẹ̀lú eyín, ó ní, “Bí wọ́n bá jí míkísà mi, mo mọ bí mo ṣe máa kígbe olè. Bí wọ́n bá jí orúkọ mi ńkọ́, ta ni mo máa pè?”

Mi ò fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ohun kan wà tó ń dùn mí, mo sì fẹ́ fi ẹ̀kọ́ mi gún un. Láńre ni ẹni tó mọ fúláwà pò jù lọ nínú ilé wa. Ẹ̀yìn ọwọ́ ló fi ń kàn án, á sì mọ̀ bóyá ó ti tó tàbí kò tó. Lọ́jọ́ kan ó ń gba ìpè lórí fóònù, búrẹ́dì jóná lẹ́yìn rẹ̀. Ìyá àgbà gbé páànù tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú ààrò, ó fi gbá a lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú. Awọ ojú rẹ̀ bó. Láńre bọ́ ẹ̀wù iṣẹ́, ó fi kọ́ ẹnu ọ̀nà, ó gba ọ̀dọ̀ àwọn ará ilé iṣẹ́ búrẹ́dì ojú ọ̀nà Ìbàdàn lọ, wọ́n sì fi tayọ̀tayọ̀ gbà á. Láti ọjọ́ náà ni búrẹ́dì wọn, tó ti tóbi tẹ́lẹ̀, ti bẹ̀rẹ̀ sí í dùn. Mo wá sọ ọ́ fún un pé, “Ìyá àgbà, ohun ìní tí mo ń sọ nìyẹn. Ọwọ́ ara yín lẹ fi lé e jáde.” Mo ti múra láti sá. Kò dìde. Ó ní, “Ó kó ọgbọ́n lọ. Ẹ̀rù tó ń bà mí nítorí ẹni tó máa jẹ ẹ́ ńkọ́? Ṣé ó rí ìyẹn kó?”

Títí di òní, mi ò mọ̀ bóyá ó jàre. Ohun tí mo mọ̀ ni pé ọjà wa bẹ̀rẹ̀ sí í falẹ̀. Bí wọ́n bá gbé búrẹ́dì tiwa sí ẹ̀gbẹ́ tiwọn, tiwa dà bí ọmọ tí wọn kò fún lóúnjẹ. Àwọn jàǹdùkú kan tún bẹ̀rẹ̀ sí í dúró ní ọ̀nà Ìrẹmọ, wọ́n ń da àtẹ àwọn obìnrin wa sínú gọ́tà. Mi ò ní sọ ẹni tó rán wọn nítorí mi ò ní ẹ̀rí, àmọ́ àtẹ tiwa nìkan ni wọ́n ń dà. Nígbà tó sú ìyá àgbà, òun fúnra rẹ̀ gbé àtẹ rù, ó gba ibẹ̀ kọjá. Ọ̀kan nínú wọn la igi mọ́ ọn níwájú orí. Ó fi ọwọ́ kan di àtẹ mú, ó fi ìkejì yọ páànù irin tó fi há abíyá, ó sì ká eyín iwájú mọ́ ọmọkùnrin náà lẹ́nu. Ìjà yẹn ló fa àpá tó wà níwájú orí rẹ̀, èyí tí àwọn tó wẹ̀ ẹ́ nígbà tó kú ń béèrè lọ́wọ́ mi. Ó wọlé pẹ̀lú ojú tó kún fún ẹ̀jẹ̀, ó sọ àtẹ náà kalẹ̀ jẹ́jẹ́, ó ní, “Ẹ̀jẹ̀ mi ló dà. Búrẹ́dì ò dà.”

Bọ̀ọ̀dá Múfú ló gba iṣẹ́ fúláwà pípò lẹ́yìn Láńre. Ọmọ tó gbẹ̀yìn nínú ọmọ ìyá àgbà ni, oníwà tútù ni, kò sì fẹ́ kí ilé ìyá òun parẹ́ mọ́ òun lọ́wọ́. Ẹnì kan sọ fún un nípa brómétì, èròjà tí ìjọba ti fi òfin dè pé kí ẹnikẹ́ni má fi sí búrẹ́dì mọ́, nítorí jàǹbá tó lè ṣe fún ara. Wọ́n ní bí o bá fi díẹ̀ sí i, búrẹ́dì á wú bí ìrọ̀rí. Ó fi díẹ̀ sí i, kò sọ fún ẹnikẹ́ni.

Àfẹ̀mọ́jú ọjọ́ náà, nígbà tí wọ́n ṣí ààrò, àwọn obìnrin hó. Búrẹ́dì náà ga, ó funfun nínú, ó fúyẹ́. Ìyá Risi ti ń jó. Ìyá àgbà kò rẹ́rìn-ín. Ó mú àkọ́kọ́, ó bù ú sí méjì, ó wo inú rẹ̀, ó nà án sí ọmọ rẹ̀.

“Múfú, jẹ ẹ́ kí n rí i.”

“Màámi, mo gba ààwẹ̀ lónìí.”

“Ìgbà wo lo jẹ sààrì?”

Bọ̀ọ̀dá Múfú ń gbọn fúláwà ara ẹ̀wù rẹ̀.

“Àkàrà tí o jẹ lẹ́yìn ìrun àsùbáà ńkọ́?”

Bọ̀ọ̀dá Múfú wo ilẹ̀, ó wo àwọn obìnrin náà, ó ní, “Ó kéré ni, Màámi. Ó kéré gan-an ni èyí tí mo fi sí i.”

Mi ò rí ìgbà tó mú pákó. Orí ló ń lé, Bọ̀ọ̀dá Múfú sì gbé apá ọ̀tún sókè láti gbà á. Mo gbọ́ ìró egungun. Mo ti gbọ́ ìró igi tí wọ́n ń ṣẹ́ fún ààrò ní gbogbo ọjọ́ ayé mi, kò sì yàtọ̀ sí i. Ó ṣubú, ìyá àgbà sì tún nà án nílẹ̀. Ìgbà tí apá ara rẹ̀ rẹ̀ ẹ́ ló tó jù ú sílẹ̀, ó sì yíjú sí búrẹ́dì. Ó fẹsẹ̀ da tábìlì dé, ó kó gbogbo búrẹ́dì náà jọ sáàárín àgbàlá, ó da kẹrosíìnì lé e. Àwọn obìnrin bú sẹ́kún. Ìyá Risi ló kọ́kọ́ fò mọ́ ọn. “Ìyá Ìwó, kí làwọn ọmọ wa máa jẹ lónìí?” Wọ́n jọ ṣubú, aṣọ ya, wọ́n ń yí lórí fúláwà, Ìyá Risi gé e jẹ lápá, ìyá àgbà kò sì jẹ́ kí ìṣáná ọwọ́ rẹ̀ bọ́. Ó ṣáná láti ibi tó sùn sí.

Wọ́n gbé Bọ̀ọ̀dá Múfú lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń to eegun. Ìyá àgbà kò tẹ̀ lé wọn. Ó dúró ti iná náà, ìdajì aṣọ ló wà lára rẹ̀, títí búrẹ́dì fi di eérú. Ó wá sọ fún àwọn obìnrin náà pé, “Ẹ lọ sọ ọ́ nígboro. Ẹ má fi nǹkan kan pamọ́. Ẹ ní ọmọ mi ló ṣe é, èmi ni mo sun ún.”

Mo ti gbọ́ tí àwọn èèyàn ń yìn ín fún ọjọ́ yẹn. Èmi ò lè yìn ín tán. Apá yẹn kò tò dáadáa, kò sì nà mọ́ láti ìgbà náà. Iná kò jó nínú ààrò wa fún ìgbà pípẹ́, ọkọ̀ àwọn ará ojú ọ̀nà Ìbàdàn sì ń gba iwájú ilé wa kọjá, wọ́n ń fọn fèrè. Àmọ́ nígbà tí a tún dáná, àwọn èèyàn ti ń dúró dè wá. Wọ́n wá láti Sábó, wọ́n wá láti Ìrẹmọ. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń gbé ilé onílé ní àdúgbò ti fún búrẹ́dì náà ní orúkọ mìíràn. Wọ́n á ní, “Ìyá, ẹ fún mi ní Ṣẹ́pá kan.” Bọ̀ọ̀dá Múfú á wà ní ìdí tábìlì, á máa fi ọwọ́ òsì di búrẹ́dì sínú ọ̀rá, á sì máa gbọ́ ọ.

Ìyá àgbà kò tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀ rí. Mo tẹ́tí dè é títí, mi ò gbọ́ ọ. Ohun tó ń ṣe ni pé bí wọ́n bá ti kí ìrun àṣálẹ́ tán, á gbé igbá òrí rẹ̀ jáde, á pe ọmọ rẹ̀, á bẹ̀rẹ̀ sí í fi òrí pa apá náà, láti èjìká dé ọrùn ọwọ́. Ó ń ṣe é títí di ọ̀sẹ̀ tó kú, nígbà tí ọwọ́ òun fúnra rẹ̀ ti ń gbọ̀n. Lọ́jọ́ tó sú mi, mo bi í ní gbangba pé ṣé ó dùn ún pé òun ṣẹ́ apá ọmọ òun. Ó ju ìdérí igbá lù mí, ó ní, “Ìwọ ni o ò rí ohun tí mo ń ṣe.”

Nítorí náà, nígbà tí ilé iṣẹ́ ńlá yẹn ní àwọn fẹ́ ra orúkọ náà, mi ò mọ ohun tí mo máa sọ fún Bọ̀ọ̀dá Múfú. Bàbá mi, tó jẹ́ àkọ́bí, ti kú tipẹ́, èmi ni mo dúró sí ipò rẹ̀, a kò sì lè tà á bí a kò bá jọ fohùn ṣọ̀kan. Ó wo ojú mi, ó ní, “Àbẹ̀kẹ́, apá mi ni wọ́n fi ṣe orúkọ yẹn. Bí ẹnì kan bá lẹ́tọ̀ọ́ láti tà á, èmi ni.”

Lẹ́yìn fídáù, nígbà tí àwọn àlejò ti túká, máníjà náà wọ ẹ̀yìn ilé wá bá wa ní ìdí ààrò. Ìyá Risi wà níbẹ̀, ó ń kó àwo jọ. Ọkùnrin náà wo ilé búrẹ́dì wa yíká, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. “Ẹ máa lo ilé yín. Ẹ máa lo ẹ̀rọ yín. Orúkọ nìkan la fẹ́.” Ó wá yọ búrẹ́dì kan jáde nínú báàgì, ó tóbi, ó ń dán. Wọ́n ti tẹ Ìyá Ìwó sára ọ̀rá rẹ̀, pẹ̀lú àwọ̀ tó mọ́lẹ̀ ju tiwa lọ. Ó ní bí yóò ṣe rí nìyẹn.

Mo já ọ̀rá náà, mo bu búrẹ́dì sí méjì, mo nà án sí i. “Ẹ jẹ ẹ́ kí n rí i.”

Ó rẹ́rìn-ín. “Háà, àǹtí. Dókítà ní kí n má jẹ búrẹ́dì mọ́.”

Ìyá Risi húkọ́. Mo wo Bọ̀ọ̀dá Múfú. Ojú rẹ̀ ti yí padà. Ó ń wo ìdajì búrẹ́dì tó wà lọ́wọ́ mi bí ẹni tó mọ̀ ọ́n rí.

“Ìgbà wo lẹ rí dókítà náà?” ó bi í, ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀.

“Ó ti pẹ́ díẹ̀.”

“Pọ́fù-pọ́fù tí ẹ jẹ níwájú àáfà ńkọ́? Àgbàdo ni wọ́n fi ṣe ìyẹn?”

Máníjà la ẹnu láti sọ̀rọ̀, Bọ̀ọ̀dá Múfú kò sì jẹ́ kó pa á dé. Ó gba búrẹ́dì lọ́wọ́ mi, ó di ọkùnrin náà lọ́rùn aṣọ mú, ó tì í mọ́ ògiri ààrò, ó ń rọ búrẹ́dì sí i lẹ́nu, ó ń kígbe, “Jẹ ẹ́ kí n rí i! Jẹ ẹ́!” Ọkùnrin náà jà, ó ta á nípàá, ó tu búrẹ́dì náà sílẹ̀, kò jẹ́ kí ìrúnrún kan gba ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ lọ. Ìgbà yẹn ni Bọ̀ọ̀dá Múfú gbé apá ọ̀tún tí kì í nà, ó gbá a létí. Mo rí ìrora náà bó ṣe gun ojú rẹ̀, síbẹ̀ ó tún gbá a. Èmi àti Ìyá Risi ló là wọ́n, mi ò sì yára tó bó ṣe yẹ. Máníjà sá jáde, bàtà rẹ̀ kan kù sí ìdí ààrò.

Bọ̀ọ̀dá Múfú jókòó sórí igi ìdáná. Ó di apá rẹ̀ mú, ó ń sunkún bí ọmọdé, mo sì ń bá a sunkún. Ó fi ọwọ́ òsì mú ọ̀rá tí wọ́n tẹ Ìyá Ìwó sí nílẹ̀, ó jù ú sínú ààrò. Nígbà tó yá, ó na apá náà sí mi.

“Àbẹ̀kẹ́, ó ń ro mí. Bá mi gbé òrí wá.”

Mo wọ yàrá ìyá àgbà, mo gbé igbá náà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, mo ṣí i. Ipa ìka rẹ̀ ṣì wà nínú òrí náà, níbi tó bù ú dé. Mo jókòó ti àbúrò bàbá mi, mo ti ìka tèmi bọ ibẹ̀, mo sì bẹ̀rẹ̀ láti èjìká.